Èèwọ̀ Ilé Tí Ẹni Òòṣà Ń Gbé: Ọ̀rọ̀ Lórí Ilé Ìtọ́jú Àwọn Tí Òye Wọn Ń Pẹ́ Là



     

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ọdún yan ọ̀rọ̀ yìí fún mi, àwọn kan béèrè pé kí ni ó kan Ifá nínú rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ dókítà àti ti ìjọba ni. N kò bá wọn jiyàn lọ́jọ́ náà. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dé orí ìjókòó yìí ná.

Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Òòṣàńlá. Ọwọ́ rẹ̀ ni Olódùmarè fi iṣẹ́ mímọ ara ènìyàn sí. Wọ́n ní ọjọ́ kan ó mu ẹmu, ẹmu sì pa á, ọwọ́ rẹ̀ kò gún mọ́ lórí amọ̀: ó mọ abuké, ó mọ arọ, ó mọ àfín, ó mọ ẹni tí òye rẹ̀ kò bá ti ẹgbẹ́ rẹ̀ mu. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, ó rí ohun tí ó ṣe. Orí ẹmu ni a sábà máa ń dúró sí bí a bá ń pa ìtàn yìí, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì kọjá. Ibi tí mo fẹ́ kí a dúró sí ni ìparí rẹ̀. Òòṣà kò pò wọ́n padà di amọ̀. Ó gbà wọ́n ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní ẹni òòṣà. Ó sì gbé èèwọ̀ kalẹ̀. Ta ni ó gbé èèwọ̀ náà lé lórí? Kò gbé e lé abuké lórí, kò gbé e lé arọ lórí. Ara rẹ̀ ni ó gbé e lé, àti gbogbo àwa tí a ń bọ ọ́. Ẹni tí ó ní agbára ni ó ka nǹkan léèwọ̀ fún ara rẹ̀ nítorí ẹni tí kò ní.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá kó ẹni òòṣà jọ sínú ilé kan tí ó ní òun ń tọ́jú wọn, ohun tí Ifá yóò kọ́kọ́ bi í ni pé: kí ni èèwọ̀ rẹ?

Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tí ọ̀rọ̀ mi kàn, kí a má baà ṣì í gbọ́. Kì í ṣe wèrè. Wèrè lè kọlu ẹni tí ó ti kàwé, tí ó ti bímọ, tí ó ti joyè. A ń wò ó, ó sì ń san. Àwọn tí mo ń sọ ni àwọn tí òye wọn ń pẹ́ kí ó tó là láti kékeré: ọmọ tí ó pẹ́ kí ó tó jókòó, tí ó pẹ́ kí ó tó fọhùn, tí ó dàgbà tán tí kò lè ka owó tàbí kí ó dá nìkan wọ ọkọ̀. Òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe dá a, bí àwọn tí àwọn dókítà ń pè ní Down syndrome. Òmíràn kò tètè ké nígbà tí a bí i. Òmíràn, ibà pọ́njú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a kò tètè gbé lọ sí ilé ìwòsàn ni ó ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, tàbí àrùn yírùnyírùn. Àdúgbò ń pè wọ́n ní ọ̀dẹ̀, ní dìndìnrìn, ní emèrè. Òfin pàápàá kò yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Òfin wèrè tí a jogún lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí a ń pè ní ti 1958, kó wọn pọ̀ mọ́ aṣiwèrè lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ó sì wà lórí wa títí di Oṣù Kìn-ín-ní 2023, nígbà tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ.

Àwọn òbí tí ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń wá sí ìdí Ifá. Bí ọmọ bá ṣì kéré, wọn a béèrè bóyá yóò sàn. Bí ó bá ti dàgbà, wọn kì í béèrè ìyẹn mọ́. Ìyá kan tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún fi owó kan ẹnu, ó sọ ọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́, lẹ́yìn náà ó gbójú sókè, ó ní, "Baba, bí mo bá kú, ta ni yóò máa wẹ̀ ẹ́?" Ọmọ tí ó ń sọ ti lé ní ẹni ogójì ọdún. Ìbéèrè yẹn ni ó wà nídìí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ.

Láyé àtijọ́ agbo ilé ni ó ń dáhùn rẹ̀. N kò ní pọ́n àtijọ́ ju bí ó ti yẹ lọ o. Àwọn kan wà tí a tì mọ́ yàrá ẹ̀yìn tí àlejò kò mọ̀ pé a bí wọn rí. Ṣùgbọ́n ojú pọ̀ nínú agbo ilé. Bí ìyàwó kan bá fi ebi pa á, ìyàwó kejì á rí i. Bí ẹnìkan bá nà án, ìyá àgbà á ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ wo ibi tí a wà yìí. Géètì wà, ọlọ́dẹ wà, fẹ́ǹsì ga. Kò rọrùn fún olè láti wọlé. Kò rọrùn fún ojú aládùúgbò náà láti wọlé. Ọkọ àti aya ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ ní Victoria Island tí ó sì dúró títí oòrùn fi yọ, ojú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ni yóò ti jẹun àárọ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì pé ogún ọdún ni a fi ẹni òòṣà sílẹ̀ fún láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Nígbà tí ó bá sú àwọn òbí, tí ara wọn kò sì gbé e mọ́, wọn a wá ilé ìtọ́jú. N kò ní bú wọn. Ẹni tí kò bá tíì gbé ọkùnrin tí ó tóbi jù ú lọ wọ inú balùwẹ̀ lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, kí ó fi ẹnu mọ́ ibi tí ó dé.

Ilé bẹ́ẹ̀ wà. Ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Akoka, Modupe Cole, níbi tí àwọn ọmọ ń kẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn kan sì ń gbé. Àwọn ti aládàáni náà wà káàkiri. Ṣùgbọ́n ẹ ro ọ̀nà. Láti ibí dé Akoka, ẹ ó la gbogbo Lẹ́kí kọjá, ẹ ó gun afárá Third Mainland. Ẹni tí ó bá ní òun yóò máa lọ ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí oṣù mẹ́fà tó pé yóò ti di oṣooṣù. Kí ọdún méjì tó pé, owó nìkan ni yóò máa lọ. Owó a máa dé ibi tí ojú kò dé.

Owó nìkan kò sì tó. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa rò pé gbogbo nǹkan ti gún. Nítòsí ìlú Bristol, ilé ìwòsàn aládàáni kan wà fún irú àwọn ènìyàn yìí, Winterbourne View ni orúkọ rẹ̀. Nǹkan bíi pọ́n-ùn 3,500 ni ìjọba ń san lórí ẹnìkan ní ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀sẹ̀ kan o! Nọ́ọ̀sì àgbà kan rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀, ó fi ẹjọ́ sun àwọn ọ̀gá, ó fi sun àjọ tí ń bójú tó irú ilé bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ní 2011, akọ̀ròyìn kan láti ètò Panorama ti BBC gba iṣẹ́ níbẹ̀ bí olùtọ́jú, ó fi kámẹ́rà pamọ́ sára. Gbogbo ayé rí i bí wọ́n ṣe ń gbá wọn, bí wọ́n ṣe ń fi àga tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, bí wọ́n ṣe da omi sí ẹnìkan lára pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ nínú òtútù. Wọ́n ti ilé náà pa lọ́dún náà. Ní 2012 ilé ẹjọ́ fi ìyà jẹ òṣìṣẹ́ 11, mẹ́fà nínú wọn sì lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí a ní kí ó kín ni lẹ́yìn ni ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́.

Ilé kan náà yìí ni ó jẹ́ kí n máa ronú nípa àwọn ọmọ wa. Láti 2022 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí ọ̀nà ìwé ìrìnnà fún àwọn olùtọ́jú, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó lọ. Ọmọ tí kò fọ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ àgbà rí nílé ń fọ ara àjèjì ní Leeds, ó sì ń ṣe é dáadáa, nítorí pé wọ́n kọ́ ọ, wọ́n ń sanwó fún un, wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́.

Nísinsìnyí, kí n tó wo ilé ẹlòmíràn, mo ní láti wo ilé awo. Ní 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn kan jáde lórí àwọn ibi tí a ń kó àwọn tí a ní orí wọn kò pé sí ní Nàìjíríà. Ibi 28 ni wọ́n bẹ̀ wò. Wọ́n bá ènìyàn nínú ẹ̀wọ̀n irin ní ilé ìjọba, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé àwọn Mùsùlùmí, àti ní ilé oníṣègùn ìbílẹ̀. A kò lè ní ti àwọn ẹlòmíràn ni kí a sọ. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ẹni tí òye rẹ̀ ń pẹ́ là àti ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, ìdè kan náà ni wọ́n ń bọ̀ sí ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ mi, a mọ̀ pé ilé babaláwo ni ọ̀pọ̀ òbí ń gbé ọmọ bẹ́ẹ̀ wá, tí wọn a fi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, oṣù mẹ́fà. Tí a bá gbà á, ilé wa ti di ilé ìtọ́jú nìyẹn, yálà a kọ ọ́ sára ògiri tàbí a kò kọ ọ́. Awo tí ó bá sọ fún òbí pé òun yóò wo Down syndrome sàn, Ifá kọ́ ni ó rán an níṣẹ́. Ẹbọ wà fún kí orí gbe ọmọ náà, ẹbọ wà fún kí ó rí ẹni rere bá a gbé, ẹbọ wà fún ìtura òbí. Ẹbọ tí ó ń pò ènìyàn padà di amọ̀ láti tún un mọ, Òòṣà fúnra rẹ̀ kò rú u. Ẹni tí ó ń lo oògùn wárápá láti ilé ìwòsàn, ẹ má gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gìrì tí ó bá gbé e lóru lẹ́yìn tí a bá dá oògùn dúró lójijì lè má dá a padà.

Nínú Odù Ìká Òfún ni àwọn èèwọ̀ awo mẹ́rìndínlógún wà, ọ̀kan nínú wọn sì kan ọ̀pá afọ́jú. A máa ń kà á bíi pé igi ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Ọ̀pá afọ́jú ni ojú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbà á ti gba ọ̀nà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹni tí òye rẹ̀ ń pẹ́ là náà ní ọ̀pá tirẹ̀. Ó lè jẹ́ ife kan pàtó tí ó fi ń mu omi. Ó lè jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ jókòó lẹ́bàá fèrèsé kan kí ó tó lè jẹun. Ó lè jẹ́ olùtọ́jú kan ṣoṣo tí ohùn rẹ̀ ń mú ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nígbà tí a bá gbé e dé ilé ìtọ́jú tí a bọ́ aṣọ rẹ̀, tí a wọ̀ ọ́ ní aṣọ tí gbogbo wọn jọ ń wọ̀, tí a pààrọ̀ olùtọ́jú ní oṣooṣù, tí ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké tàbí kí ó máa gbá orí mọ́ ògiri, wọn a ní orí rẹ̀ ti yí, wọn a fún un ní oògùn oorun. Orí rẹ̀ kò yí. Wọ́n gba ọ̀pá rẹ̀ ni.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ilé tí ó dára, ẹ má wo tááìsì, ẹ má wo jẹnẹrétọ̀. Ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ ogún ọdún kì í pe ẹni ọdún márùnlélógójì ní "ìwọ". Ṣùgbọ́n mo ti dé ilé tí òṣìṣẹ́ kékeré ti ń sọ fún ọkùnrin tí irun rẹ̀ ti ń funfun pé, "Jókòó jẹ́ẹ́, ọmọ burúkú." Òye kì í ṣe ọjọ́ orí. Ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n, kódà bí kò bá lè de okùn bàtà ara rẹ̀. Ilé tí a bá ti ń pe àgbàlagbà ní orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tí ẹnìkan níbẹ̀ mọ oríkì rẹ̀, tí wọ́n ń bi í pé ẹ̀bà ni ẹ ó jẹ ni àbí ìrẹsì, ilé náà kì í sábà burú ní ibi yòókù. Ibi tí ọ̀wọ̀ bá ti kúrò ni pàṣán ń gbà wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń bọ́ wọn. Ẹni tí ẹran ara rẹ̀ le, tí kò lè gbé mì dáadáa, a gbọ́dọ̀ gbé e jókòó, kí a fi ṣíbí kékeré bọ́ ọ, kí a dúró kí ó gbé e mì. Olùtọ́jú tí ó bá ní ènìyàn mẹ́wàá láti bọ́ kí aago méjì tó lù yóò kánjú. Oúnjẹ á gba ọ̀nà èémí, àyà á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, wọn a ní otútù ni. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ń kú, a sì ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ẹ béèrè pé ta ni kì í sùn lóru. Ẹ béèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà bí iná bá sọ. Ẹni tí kò lè sọ pé eyín ń dun òun tàbí pé òun kò tíì ya ìgbẹ́ fún ọjọ́ márùn-ún, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin inú wọn, ẹnu mi wúwo láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ọ́. Ẹni tí kò lè rojọ́ ni oníbàjẹ́ ń wá. Ilé tí ọkùnrin nìkan ti ń wẹ obìnrin, tí ìlẹ̀kùn ń tì láti inú, tí a sì ní kí àwọn òbí máa fi ìwé sọ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó wá, ẹ kó ọmọ yín kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹbí ń fi ọtí parí. Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ DSVA tí ń gba ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ àti ìwà ipá nínú ilé. Èkó ti ní òfin ti ara rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá láti 2011, LASODA sì ni ọ́fíìsì tí ń rí sí i. Ti ìjọba àpapọ̀ tẹ̀lé e ní Oṣù Kìn-ín-ní 2019: ẹni tí ó bá fi akàndá ẹ̀dá sí ipò ẹ̀yà, owó ìtanràn N100,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, iléeṣẹ́ yóò san N1,000,000. Òfin tí a kò mú lọ sí ọ́fíìsì, inú ìwé ni yóò máa sùn.

Òṣìṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò lè ra àpò ìrẹsì kan, tí ó ń ṣe òru mọ́ ọ̀sán, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ní iṣẹ́ náà, bí ọwọ́ rẹ̀ bá le, òun nìkan kọ́ ni ó jẹ̀bi. Àwọn òbí tí ó ń na owó rẹpẹtẹ lórí ayẹyẹ ọjọ́ ìbí, tí wọ́n sì ń ná ilé ìtọ́jú lówó bí ẹni ń ná ẹja ní ọjà, ní ìpín nínú rẹ̀.

Ṣé ilé ńlá kan náà ni ọ̀nà kan ṣoṣo? Rárá o. Ní 1954, Ọ̀mọ̀wé Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta (orúkọ lásán ni ó pa á pọ̀ mọ́ ẹ́sítéètì yín), bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Aro. Dípò kí ó ti gbogbo aláìsàn mọ́ ọgbà, ó fi wọ́n wọ̀ sí abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Ìbátan kọ̀ọ̀kan ń bá tirẹ̀ gbé, wọ́n ń bá onílé lọ sí oko, wọ́n ń wá gba ìtọ́jú lọ́sàn-án. Ó pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá a ṣiṣẹ́, kò sì tijú. Àwọn tí orí wọn dàrú ni ó ṣe é fún, ṣùgbọ́n ohun tí ó rí ni mo ń wá: ènìyàn ń gbé dáadáa níbi tí ojú ti pọ̀. Àdéhùn àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ti 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ẹ̀dá, tí Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà ní 2010, ń sọ irú nǹkan kan náà, pé kí wọ́n máa gbé láàárín àwùjọ bí àwọn ẹlòmíràn.

Nítorí náà mo bi ẹ̀yin ará Thomas Estate léèrè. Bí ìdílé mẹ́rin bá da owó pọ̀, tí wọ́n gba ilé kan ní òpópónà yín fún àwọn ọmọ wọn mẹ́rin tí ó ti dàgbà, pẹ̀lú olùtọ́jú mẹ́ta tí a sanwó fún dáadáa, tí òbí kọ̀ọ̀kan lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ṣé ẹ ó gbà wọ́n? Àbí ẹ ó kọ ìwé sí ẹgbẹ́ onílé pé ariwo wọn pọ̀, pé iye ilé yín yóò wálẹ̀? Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹ mọ ìdáhùn.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa fi ẹnu kò lé lórí kí n tó wá síbí nìyí. Kò sí ìdè irin, kò sí pàṣán, kò sí ààwẹ̀ tipátipá fún ẹni òòṣà ní ilé awo kankan nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹni tí a bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ yóò wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú Àràbà. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé ọdún yìí, ènìyàn mẹ́fà nínú wa yóò máa lọ bẹ ilé ìtọ́jú wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àwọn ìyá mẹ́ta àti àwọn baba mẹ́ta. Ìwé wà lọ́wọ́ akọ̀wé lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Ẹni tí ó bá ní ẹbí ní irú ilé bẹ́ẹ̀ tí kò ráyè dé ibẹ̀, kí ó kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀, orúkọ tí ó ń jẹ́ nílé, oríkì rẹ̀, ohun tí ó fẹ́ràn láti jẹ àti ohun tí ó máa ń bà á lẹ́rù. A ó mú ọṣẹ lọ, a ó mú aṣọ ìlédìí àgbàlagbà lọ. A kò ní mú kámẹ́rà lọ.